Ìwé Ìrìn Kẹtàdínlógún

Lọ́dún 1983, iṣẹ́ Mọ́ṣúdù ní ọ́fíìsì kan l'Abẹ́òkúta ni kó máa fa ìrìn àwọn ará ìlú sórí máàpù. Ọgọ́ta ènìyàn ni wọ́n fún ní ìwé kékeré kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà ló wà lára rẹ̀, kò sí orúkọ. Wọ́n á kọ ibi tí wọ́n gbà, aago tí wọ́n débẹ̀, àti ohun tí wọ́n lọ ṣe. Mọ́ṣúdù á wá fi pẹ́ńsùlù wá ọ̀nà tó bá a mu. Abala Adígbẹ nìkan ni kì í fẹ́ fọwọ́ kàn. Láwàlì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló máa ń bá a fà á.

“Àbí ẹnìkan ń dè ọ́ l'Adígbẹ ni?” Láwàlì á bi í.

Mọ́ṣúdù á rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tí Láwàlì kò wá síṣẹ́, ó kan ìwé kẹtàdínlógún. Ẹnu ọ̀nà ilé Mọ́ṣúdù gan-an ni ìrìn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó wo ìkọ̀wé náà dáadáa: ti Morónkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ni, tó ń ta àdìrẹ ní Kútọ̀. Láti Kútọ̀, ìlà náà yà sí Adígbẹ.

“Jímọ̀, aago méjìlá: mo lọ wo ọkọ mi. Mo mú sálúbàtà lọ. Ó bá wọn lẹ́sẹ̀ mu.”

Mọ́ṣúdù tún un kà. Lóòótọ́, gbogbo ẹni tí ìyàwó bá bá nílé ló ń pè lọ́kọ, àtàgbà àtèwe. Ṣùgbọ́n Ìtòkò ni gbogbo ará ilé Mọ́ṣúdù ń gbé. Ta wá ni “wọn” yìí? Ọdún kẹfà rèé tí wọ́n ti so yìgì, ọmọ kò tíì dé. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Bí Morónkẹ́ bá kó ẹrù rẹ̀ lọ, kò mọ ohun tí yóò kù fún un láyé.

Nígbà tí Jímọ̀ pé, ó ká máàpù mọ́wọ́, ó tọ ìlà náà. Ọ̀nà orí máàpù tán lẹ́yìn ilé ẹlẹ́rọ ata. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró. Ó gba ìdí máńgòrò kọjá láìwo ìwé mọ́. Ó kan ilẹ̀kùn.

Morónkẹ́ ló ṣí i. Kò ta gìrì.

“Ẹ kú ìrìn,” ó ní. “Ó pẹ́ kí ẹ tó kà á.”

“Ọkọ rẹ dà?” Mọ́ṣúdù bèèrè.

“Wọ́n ń jẹun.”

Ó yíjú sí ọmọdébìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan tó wọ sálúbàtà tuntun, tí imú rẹ̀ jẹ́ imú Mọ́ṣúdù gẹ́lẹ́, ó ní, “Ọkọ mi, ẹ wá kí bàbá yín.”