Ọmọ Tí Ìyá Rẹ̀ Kọ́ Láti Sá Pamọ́

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ ní ìdajì. Ẹ kà á títí dé gbólóhùn tó kẹ́yìn.

Clonsilla, nílẹ̀ òyìnbó, ni Kòfowórọlá ń gbé pẹ̀lú Ọlánípẹ̀kun ọkọ rẹ̀ àti Tẹ́ní, ọmọ wọn kan ṣoṣo. Látinú oyún ni ètè òkè Tẹ́ní ti là. Àwọn dókítà rán an dáadáa, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ hàn, imú rẹ̀ sì wọ́ díẹ̀ sápá kan. Ọmọ náà kò kà á sí. Ìyá rẹ̀ lojú ń tì.

Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò kíláàsì, Kòfowórọlá á ní ara ọmọ òun ò yá. Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, á ní, "Tẹ́ní, sá wọlé! Má jẹ́ kí wọ́n rí ẹ." Ọkọ rẹ̀ bá a wí títí, ṣùgbọ́n Kòfowórọlá ní òun ń dáàbò bo ọmọ òun ni.

Nígbà tó yá, tísà fún Tẹ́ní ní ọ̀rọ̀ sọ nínú eré ilé-ìwé. Ọmọ ń fò sókè. "Mammy, I've a speaking part!"

"Kí gbogbo ayé wá máa wo ẹnu ẹ? Kò ṣeé ṣe."

Lọ́jọ́ eré náà, bàbá ti lọ síbi iṣẹ́ ní Ballycoolin. Kòfowórọlá pe ilé-ìwé pé ara Tẹ́ní ò yá. Ó sọ fún Priscilla, aládùúgbò wọn tí wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, pé ọmọ ti lọ kí àǹtí rẹ̀ ní Coolock. Ló bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ, ó gba ibi iṣẹ́ lọ.

Ebi pa Tẹ́ní. Ó fẹ́ dín ẹyin, òróró bá gbiná.

Fóònù Kòfowórọlá dún níbi iṣẹ́. Priscilla ni.

"Mummy Tẹ́ní, ilé yín ń jó o! Àwọn panápaná ti dé. Mo ti sọ fún wọn pé kò sẹ́nì kankan nínú ilé."

"Sister Priscilla... Tẹ́ní wà nínú ilé."

"Ṣebí ẹ ní ó wà ní Coolock?"

"Irọ́ ni mo pa! Ẹ dákun, ẹ sọ fún wọn! Ọmọ mi wà níbẹ̀!"

Ó sáré bọ́ síta, fóònù wà létí rẹ̀. Ó ń gbọ́ ohùn àwọn panápaná tó ń pariwo, "Tẹ́ní! Tẹ́ní!" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Priscilla ní wọ́n ti wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sí níbẹ̀. Ìgbà náà ni Kòfowórọlá rántí. Òun ló kọ́ ọmọ pé tí àjèjì bá dé, kó sá pamọ́, kó má fọhùn.

"Wọ́dúróòbù! Ẹ wo inú wọ́dúróòbù!"

Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i. Ó ti dákú, ó fi síkáàfù ìyá rẹ̀ wé gbogbo ojú.

Ọlọ́run yọ ọ́. Ìgbà tó lajú ní ọsibítù, ohun tó kọ́kọ́ bi ìyá rẹ̀ ni pé, "Mammy, ṣé wọ́n rí ojú mi?"

Lónìí, Ọlánípẹ̀kun kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Láràárọ̀ ni Kòfowórọlá máa ń kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀. "Tẹ́ní mi, jẹ́ ká lọ sílé-ìwé. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ ń béèrè ẹ." Ọmọ á kọjú sí ògiri. Kò lọ.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ọmọ tí ojú rẹ̀ yàtọ̀ pamọ́. Ẹ jẹ́ kó ya fọ́tò. Ẹ jẹ́ kó ṣeré, kó sọ̀rọ̀, kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀. Tí ẹ bá kọ́ ọ láti máa sá fún èèyàn, ó lè sá fún ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀ là.