Ẹ́ńjìnnì Ìbejì tí Adéníran Tò

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń rẹ́rìn-ín síni tí inú yín sì dúdú, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, torí yín ni mo ṣe ń sọ ti Táíwò Adéníran, mẹkáníìkì Igbó-Ọrà. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ṣẹ́, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń dárí jini. Tí o bá ṣẹ̀ ẹ́ lónìí, tí o bẹ̀ ẹ́ lọ́la, á ní, "Ó ti tán." Irọ́ ni. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni.

Gbénró, agbaṣẹ́ṣe kan ní Èrúwà, ló ṣẹ̀ ẹ́. Níbi ìdána Adéníran, Gbénró dìde láàárín èrò, ó ní, "Ẹ̀yin àna, ẹ ṣọ́ra o! Ẹ̀rọ ìlọta tí ọkọ ọmọ yín tún ṣe fún ìyá mi, èéfín ló ń lọ̀, kì í lọ ata mọ́!" Gbogbo agbo bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó pàápàá fi ìborùn bo ẹnu. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Gbénró wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó bẹ̀bẹ̀. Adéníran fà á dìde. "Dìde jàre. Eré ni." Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọjọ́ yẹn kò kúrò létí rẹ̀.

Ní ọdún tí ìjọba kó gbogbo ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì títì sí ọwọ́ ọ̀tún, Gbénró ra ọkọ̀ àsáré kékeré lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń relé. Ìjókòó méjì péré ló ní, ara rẹ̀ sì fúyẹ́. Ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ ni kò lágbára, ló bá fi ọkọ̀ ojú omi kó òmíràn wá láti òkè òkun, ògidì ẹ́ńjìnnì ìje. Àwọn ẹ́ńjìnnì tí a mọ̀, kámṣáàfù kan, irin tó ń yí bírí, ló ń ṣí fáàfù wọn, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí epo àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Èyí ní méjì, wọ́n nà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lókè, ṣéènì kan ló ń yí méjèèjì. Kíá, Igbó-Ọrà ti sọ ọ́ ní ẹ́ńjìnnì ìbejì.

Gbénró gbé ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì náà wá fún Adéníran kó tò wọ́n pọ̀. Ó ní, "Eré ìje ń bọ̀ ní Ìbàdàn, mo sì fẹ́ gba ife. Ìwọ nìkan lọkàn mi balẹ̀ sí."

Adéníran ṣiṣẹ́ náà, ó ṣe é dọ́ba. Ó wá di ọjọ́ Jímọ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ kírun, òun dúró sí ṣọ́ọ̀bù. Ó mú sípánà, ó tú nọ́ọ̀tì tó ń jẹ́ kí ṣéènì le, ó dá a padà lérèfé. Tí wọ́n bá rọra wa ọkọ̀ náà, kò séwu. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ gan-an, ṣéènì á fò, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì, táyà ẹ̀yìn á gan, ọkọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn á sì takìtì. Ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. "Lọ gba ife náà lọ́run," ló wí.

Ọjọ́ tí Gbénró wá gbé ọkọ̀, èrò pé bí ẹni ń wo egúngún. Gbénró ní, "Nílùú yìí, ẹ́ńjìnnì ìbejì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ìbejì. Táíwò, wọlé, ká jọ dé Èrúwà." Àwọn obìnrin ti dá orin ìbejì sílẹ̀. Òógùn bo Adéníran.

"Inú ń run mí," ló wí.

Kẹ́hìndé, èkejì rẹ̀ obìnrin tó ń ta gààrí lódìkejì títì, ti ń sọdá bọ̀. "Ṣé ìbejì kan ṣoṣo ni ìyá wa bí ni? Èmi tí mo rán an wáyé ni n ó jókòó síbẹ̀." Ó ti ki ẹsẹ̀ kan bọnú ọkọ̀.

Àyà Adéníran là gààrà. Gbólóhùn kan péré ló kù kó sọ: "Mo gbàgbé nọ́ọ̀tì kan." Ká tilẹ̀ ní irọ́ ló fi bò ó, ọ̀ràn ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo eyín Gbénró, ó sì tún gbọ́ ẹ̀rín ibi ìdána. Ó fa Kẹ́hìndé jáde, ó jókòó dípò rẹ̀. Ìkà yìí yàn láti kú ju kó sọ̀rọ̀ lọ!

Wọ́n kúrò nílùú, ẹ́ńjìnnì ń kọrin. Ibi tí títì ti gún, Gbénró tẹ̀ ẹ́.

"Rọra!"

"Háà! Ẹ́ńjìnnì tí o fọwọ́ ara rẹ tò ló ń bà ọ́ lẹ́rù?" Ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Ṣéènì! Gbénró, ṣéènì!"

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ́ńjìnnì tó ké gbàràgàdà. Táyà gan, ọkọ̀ pòyì, ó takìtì wọgbó. Èjìká Gbénró yẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún Adéníran há sábẹ́ ọkọ̀, àwọn dókítà sì gé e ní ọrùn ọwọ́.

Nígbà tí Gbénró sàn, ó wá bá a nílé. Kẹ́hìndé ń fún un ní ẹ̀kọ mu. Gbénró kò jókòó. "Ohùn ẹ́ńjìnnì ṣì dáa nígbà tí o pariwo ṣéènì. Ta ló sọ fún ọ?"

Adéníran wolẹ̀. Kẹ́hìndé rọra gbé abọ́ sílẹ̀. "Táyé, ẹsẹ̀ mi ti wọnú ọkọ̀ yẹn. O mọ̀?" Obìnrin náà gbé gèlè rẹ̀, ó jáde, kò sì padà wá bọ́ ọ mọ́ títí dòní.

Gbénró kò pe ọlọ́pàá. Ó ní ìyẹn á tètè tán. Ńṣe ló wọ́ òkú ọkọ̀ náà wá síwájú ṣọ́ọ̀bù Adéníran, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e. Ẹni tó bá mú ọkọ̀ wá á bèèrè, àwọn ọmọdé á sì ròyìn fún un, á yí orí ọkọ̀ rẹ̀ padà. Ibẹ̀ ni Adéníran jókòó sí, tó ń wò ó bó ṣe ń dípẹtà, kò sì ní ọwọ́ méjì tí yóò fi tì í kúrò. Ó tọ́ sí i!

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé. Ẹni tó bẹ̀ ọ́, tí o kò bá fẹ́ gbà, sọ fún un lójú rẹ̀ pé o kò gbà. Tí o bá ní o gbà, gbà á tọkàntọkàn. Ẹ̀yin aláwàdà náà, ẹ má fi ọjọ́ ẹ̀yẹ ẹlòmíràn pa èrò lẹ́rìn-ín. Tí o bá sì ti dẹ ibi sílẹ̀, la ẹnu kó tó ṣẹlẹ̀, kí ojú tì ọ́. Ìtìjú á lọ lójọ́ kan. Ọwọ́ tí wọ́n gé kì í hù.