Páálí Ẹ̀yìn Pẹpẹ

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Fadérera apòògùn nu ojú ẹ̀rọ tó ń po oògùn fún gbogbo aláìsàn ilé-ìwòsàn wọn, ó sì tẹ orúkọ ẹni àkọ́kọ́: aboyún kan tí gìrì ti gbé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rọ náà fi ohùn jẹ́jẹ́ dáhùn pé ìyẹ̀fun oògùn rẹ̀ ti tán, òmíràn ò sì ní dé títí di Ọjọ́bọ̀.

Kò sí pẹpẹ kankan mọ́ tó lè yẹ̀ wò. Ó rántí ayé ìgbà tí oògùn ń wọ́n, tí ilé-ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ń fi páálí kan pamọ́ sẹ́yìn pẹpẹ fún ilé-ìwòsàn tó múlé gbè é. Bàbá Àjíṣafẹ́, apòògùn ilé-ìwòsàn Òkè-Ìrókò, ló ń tọ́jú páálí tiwọn. Bí òun àti bàbá náà bá pe ara wọn lórí fóònù, àwàdà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ọlọ́kadà á sì ti gbéra kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín tán.

Ó wá nọ́ńbà bàbá náà rí, ó pè é.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Fadérera ni. Abẹ́rẹ́ gìrì ni mo ń wá."

"Fadé, o ṣì rántí mi?" ni bàbá náà wí. "Ẹ̀rọ tiwa ò ṣiṣẹ́ rí, pẹpẹ la ṣì ń lò. Páálí yín wà níbi tó máa ń wà. Bí ọjọ́ oògùn inú rẹ̀ bá ti fẹ́ kọjá, a máa ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ọlọ́kadà ń bọ̀."

Fadérera dúpẹ́, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Páálí tí òun náà ń tọ́jú fún wọn, tí wọ́n kọ "Òkè-Ìrókò" sí lára ló fi kó pàǹtí dànù lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ dé.