Olè Tó Kí Màmá Káàárọ̀

Bí mo bá ti dé fìlà bàbá mi àgbà báyìí, kò sẹ́ni tó ń rí mi mọ́.

Àmọ́ mi ò jalè rí láyé mi.

Àárọ̀ Sunday ni. Ọ̀gá mi àti ìyàwó ẹ̀ ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé wọn ní Bolton, nílùú Òyìnbó níbí. Obìnrin kan jókòó lé mi lẹ́sẹ̀, ó ní àga yìí mà gbóná o.

Mo gba fèrèsé ilé ìdáná wọlé. Ẹsẹ̀ mi rì sínú ìkòkò ọbẹ̀.

Mo gun òkè lọ sí yàrá ọ̀gá, epo ń kán tẹ̀lé mi.

Mo ń tú drawer. Ilẹ̀kùn ṣí.

Ìyá ọ̀gá ni! Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, wọn ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Wọn ò rí mi. Kí n ṣáà ti dákẹ́ ni.

Àmọ́ wọ́n kọ́ mi nílé.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ẹ káàárọ̀ mà!”

Fìlà bọ́ sílẹ̀.

Màmá wò mí. Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi tó kún fún ọbẹ̀.

“Múyìwá, kì í ṣe inú drawer ló ń kó passport àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ sí. Wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.”

Mo fa àpótí kan jáde. Tèmi ló wà lókè pátápátá, lẹ́yìn ọdún kan àtààbọ̀!

“Ẹ ṣé gan-an, mà.”

“Má tíì dìde. Wo ìsàlẹ̀, kí o bá mi mú tèmi náà.”

Wọ́n mú fìlà nílẹ̀, wọ́n gbọn eruku ẹ̀.

“Ṣé èyí á gba orí ẹni méjì?”