Apá Òsì Pírínsípà

Ẹ má já ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín o. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì.

1. Pírínsípà Ọlálérè ti fẹ̀yìn tì, Òkè-Ìlá l'Ádó ló ń gbé. Kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì náà ti fẹ̀yìn tì. Wọn ò tilẹ̀ kọ̀wé. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni ẹ̀rọ ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù. Dókítà ti so iṣan méjì pọ̀ ní apá òsì rẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ń gbà fa ẹ̀jẹ̀. Wọ́n kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gún un lábẹ́rẹ́ tàbí kó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Láràárọ̀, Olúbùnmi ìyàwó rẹ̀ á gbé etí lé apá náà. Tó bá ti ń kùn bí oyin, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nìyẹn, wọ́n á jẹun.

Bàbá kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bùbá alápá gígùn ló ń wọ̀, oòrùn ìbáà mú.

2. Lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, àwọn nọ́ọ̀sì ìjọ ń yẹ ara àwọn àgbà wò lọ́fẹ̀ẹ́. Kíkẹ́lọmọ, ọ̀kan nínú wọn tí bàbá kọ́ níwèé, kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán sà. Ṣé kò sí àìsàn tí ẹ ń tọ́jú?"

"Èmi? Ara mi dá ṣáṣá."

Àwọn àgbà ìjọ tò sẹ́yìn rẹ̀, etí wọn náà dá ṣáṣá.

Kíkẹ́lọmọ wọn apá ọ̀tún. Ó ga. "Ẹ jẹ́ n wo ti òsì, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká apá aṣọ."

Bàbá bojú wẹ̀yìn. "Wọ̀n ọ́n lórí aṣọ."

"Sà, kò ní..."

"Kíkẹ́lọmọ! Ta ló kọ́ ẹ níwèé?"

Ó wọ̀n ọ́n lórí aṣọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ̀rọ fún apá náà pinpin, torí aṣọ nípọn.

3. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Olúbùnmi gbé etí ọ̀tún lé apá. Ó gbé ti òsì lé e.

"Bàbá Pẹ̀lúmi, mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Bóyá ó ń sùn."

"Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ ọsibítù."

"Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ wa tó kàn. Kí la fẹ́ lọ sọ fún wọn?"

"Òótọ́ la máa sọ."

Bàbá kò ní òótọ́ nílé lọ́jọ́ náà.

4. Ní Ọjọ́bọ̀, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ti dì níbẹ̀. Ká ní wọ́n tètè wá ni, bóyá ibẹ̀ ì bá ṣì ṣe é lò. Iṣan apá ọ̀tún kò sì dáa tó. Wọ́n ki rọ́bà bọ ọrùn bàbá, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ń gbà báyìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kòkòrò ti gba ibẹ̀ wọlé, tí ibà gbé e dè.

Kò sí bùbá tó ń bo ọrùn. Gbogbo ìjọ ti rí i. Wọ́n ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà," wọ́n sì jókòó. Ìtìjú tó ń sá fún kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Olúbùnmi ṣì ń gbé etí lé apá òsì láràárọ̀. Ó ní ó ti mọ́ òun lára.

Ẹ̀yin ará, tí dókítà bá ní kí wọ́n má fọwọ́ kan apá yín, ẹ sọ ọ́ lójú èrò. Tí apá náà bá dákẹ́, ẹ má dúró de Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ ní kí ọ̀gá yín ká apá aṣọ. Kò lè nà yín mọ́.