Ata Apá Ọ̀tún

Lójú ìyá ìyàwó, ọkọ ọmọ rẹ̀ ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀mọ̀wé ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ohun tí ìyá rí nígbà tó wá kí wọn ni pé ọkùnrin náà gbin ata sínú ilé tí wọ́n fi àwọ̀n ṣe ògiri rẹ̀, ó kó fáírọ́ọ̀sì ran ìdajì, ó wá ń wò wọ́n níran.

"O mọ̀ọ́mọ̀ kó àrùn ràn wọ́n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Bí àrùn bá wọ ata lára, àwọn jíìnì kan nínú rẹ̀ á jí, wọ́n á máa jà. Àwọn mìíràn á sùn. Ti apá òsì ló ń ṣàìsàn. Ti apá ọ̀tún, ara wọn le. Òun la ó fi mọ ìyàtọ̀."

"Wọ́n sì ń sanwó oṣù fún ẹ." Ìyá yínmú, ó fín aáṣáà rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ kan tó ń bomi rin ata ló tún kàn. Òṣìṣẹ́ náà kì í dé apá ọ̀tún láìkọ́kọ́ fi ọṣẹ fọwọ́ dé ìgúnpá.

"Ṣé o fẹ́ gbẹ̀bí fún ata ni?" ni ìyá bi í.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, kí ẹ̀yin náà fọwọ́."

Ìyá wò ó láti òkè délẹ̀, ó kọjá lára rẹ̀. Láràárọ̀ ló ń lọ síbẹ̀ lẹ́yìn náà. Kò sún mọ́ apá òsì. Ta ní ń fọwọ́ kan aláìsàn? Àwọn tí ara wọn le ló ń ṣìkẹ́: ó ń já ewé gbígbẹ kúrò lára wọn, ó ń fọwọ́ pa wọ́n lára bí ọmọ tuntun.

Nígbà tí èsì àyẹ̀wò dé, ojú ọkọ ọmọ rẹ̀ fà ro. Àwọn jíìnì tó yẹ kó máa sùn ní apá ọ̀tún ti jí pátá, wọ́n ń jà bí ẹni tí olè ká mọ́lé. Iṣẹ́ ọdún kan ti wọmi.

"Ọlọ́ṣẹ yẹn ni," ni ìyá wí. "Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í fọ̀ ọ́ tó bẹ́ẹ̀."

"Kò dá mi lójú, Màmá."

"Kí ló ti dá ẹ lójú rí? O rí ọ̀tá tó wà nínú ewé, o ò rí èyí tó di korobá mú níwájú rẹ."

Wọ́n lé òṣìṣẹ́ náà lẹ́nu iṣẹ́. Ó bọ́ bàtà róbà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìyá ní ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ́ ni.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni àyẹ̀wò mìíràn fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì tó wà lára ata apá ọ̀tún kì í ṣe ti apá òsì rárá: ti inú ewé tábà ni, ìka ẹni tó ń fín aáṣáà ló sì máa ń gbé e rìn.