Omi Gọ́tà Ilé Ìyá Mi

Bí òjò bá ti dá, àwa òṣìṣẹ́ káńsù a bu omi gọ́tà ilé kọ̀ọ̀kan sínú ife. Onílé gbọ́dọ̀ mu ún kí ilẹ̀kùn gọ́tà rẹ̀ tó ṣí sódò.

Ilé ìyá mi, aláàdìrẹ, ló kàn mí lónìí. Omi aró ló dúdú nínú ife. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn.

"Fadérera, ṣé èmi tí mo bí ẹ lo fẹ́ fún ní májèlé?"

"Màámi, odò ń mu ún."

Omi ò rọ́nà lọ, ó ń kún àgbàlá. Ó bo orúnkún mi, mi ò dìde.

Wọ́n wo ife, wọ́n wò mí, wọ́n ká ìró wọn sókè.

"Dìde. Wá bá mi gbé ìkòkò aró yìí kúrò lẹ́nu gọ́tà."